Ẹni Tó Gbé Àgbélébùú Kì í Bojú Wẹ̀yìn

Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìrìn náà, ẹsẹ̀ ni Ọlọ́runṣògo ń kà. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀ o. Tirẹ̀ ti kúrò ní ohun tí èèyàn ń kà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó, ọ̀dà títì sì ń jó o débi pé bó bá gbé ọ̀kan sókè, ẹ̀rù a máa bà á láti gbé e sílẹ̀ padà. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé e ló ń kà, etí ló sì fi ń kà á. Wọ́n tó ogójì nígbà tí wọ́n kúrò ní Ọ̀yọ́. Ní báyìí, etí rẹ̀ kò gbọ́ ju ti ogún èèyàn lọ, kò sì gbọdọ̀ yí ọrùn wò ó bóyá etí ń purọ́.

Ẹ má rò pé agídí lásán ni. Òfin Ìjọ Òkè Àánú ni. Aládùúrà ni wọ́n, aláṣọ funfun, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti gbé sùtánà wọ̀. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, wọn a fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti Ọ̀yọ́ dé ẹ̀ka ìjọ wọn ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni, àgbélébùú onígi kan ni yóò sì máa ṣáájú wọn. Igi àpá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó wúwo ju ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì lọ.

Bàbá tó dá ìjọ sílẹ̀ ló kọ́kọ́ rìn ín. Wọ́n ní àwọn ẹbí rẹ̀ ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lù ú láti ẹ̀yìn bó ṣe ń jáde nílùú, kò sì bojú wo ẹnì kan nínú wọn títí ó fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni òfin ti wá: bí àgbélébùú bá ti wà ní èjìká rẹ, iwájú nìkan lo mọ̀. Àfi ibi tí ìjọ bá sùn sí lálẹ́, tí wọ́n bá gbé e lé orí àpótí rẹ̀, lo tó lè yí ọrùn bí èèyàn. Àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ sì tún wà lára rẹ̀. Ohun tí oníkálukú ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni wọ́n kọ sínú ìwé pélébé, wọ́n rán gbogbo rẹ̀ mọ́ inú àpò funfun kan, wọ́n so ó mọ́ apá àgbélébùú. Bí ẹni tó gbé e bá fi lè bojú wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, ẹ̀bẹ̀ gbogbo wọn bàjẹ́ nìyẹn, ó di ọdún mẹ́ta mìíràn. Ogójì èèyàn ló so ìrètí wọn mọ́ ọrùn èèyàn kan, ọrùn ọ̀hún ló sì ń ro Ọlọ́runṣògo yìí.

Kí ọkàn aṣáájú lè balẹ̀, wọ́n fún un ní alágogo. Ọpẹ́yẹmí télọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òwódé, ló ń gbé agogo náà, ẹsẹ̀ méjì péré ló sì fi wà lẹ́yìn àgbélébùú. Bó bá ṣe díẹ̀, Ọlọ́runṣògo á kígbe pé, "Ìjọ ńkọ́?" Ọpẹ́yẹmí á lu agogo, á dáhùn pé, "Ìjọ ń bọ̀ lẹ́yìn!" Ìdáhùn yìí náà wà nínú òfin, kò sì ní ẹ̀dà. Iṣẹ́ ọ̀hún sì bá Ọpẹ́yẹmí mu, ká sọ tòótọ́, torí ẹni tó lè wo ojú oníbàárà láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì kó ní aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, nígbà tí kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án, ìdáhùn wo ni kò lè fúnni?

Báwo ni àgbélébùú ṣe dé èjìká Ọlọ́runṣògo? Ẹnu rẹ̀ ló gbé e sí i. Dírẹ́bà ni, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kó èrò lọ kó èrò bọ̀ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ fẹ́ yan aṣáájú ìrìn, ẹni tí ojú wà lára rẹ̀ ni Tíṣà Babátúndé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ọlọ́runṣògo dìde kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Tíṣà. "Ọ̀nà yẹn," ló wí, "mo lè di ojú rìn ín. Kì í ṣe èmi nìkan o, èmi àti gbogbo ilé mi ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún fi kún un pé ní ìrìn tó kọjá, ìdáhùn alágogo kò ṣe déédéé, pé òun kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ròyìn ohun tó ń lọ lẹ́yìn fún òun lójú ọ̀nà, torí ìròyìn ló ń kó àárẹ̀ bá aṣáájú. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Gbogbo ilé rẹ̀ tó wí yẹn, Dorcas ìyàwó rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Dorcas ń ta àwo àti ìkòkò ní Akẹ́sán, òun ló ń gbé orin nínú ìjọ, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ni wọ́n dé tó tó bi í pé, "Bàbá Ìmísí, ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lára mi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n dúró sílé kí n máa gbàdúrà fún yín."

"Bí ìyàwó aṣáájú bá jókòó sílé," Ọlọ́runṣògo dá a lóhùn, "ta ni yóò tẹ̀lé aṣáájú?"

Dorcas lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ sùtánà rẹ̀.

Àfi kí n sọ èyí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tini lójú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀lé ìrìn, ẹni tó gbé àgbélébùú ni yóò dúró níwájú ìjọ méjèèjì láti sọ ohun tí ọ̀nà kọ́ ọ nípa dídarí èèyàn. Àwọn èèyàn a máa fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó sọ tirẹ̀ dáadáa ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ti di alàgbà àgbà báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ní Ọ̀yọ́ ni Ọlọ́runṣògo ti ń to ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ọkàn. Ẹ̀kọ́ kìíní: aṣáájú kì í bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀kọ́ kejì: aṣáájú kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó rẹ òun. Ó fẹ́ràn kejì yẹn gan-an, ó sì ti ń wá ẹ̀kẹta láti ìgbà tí wọ́n ti jí. Ohùn Dorcas ló fi ń rin ìrìn náà. Ohùn náà ga, ó mọ́, bó bá gbé orin, ẹsẹ̀ gbogbo wọn á bọ́ sí ojú kan náà, àgbélébùú á sì fúyẹ́ díẹ̀ lórí èjìká.

Orí afárá Odò Ọbà ni ohùn náà ti dákẹ́.

Kò parí orin. Ó gbé ìlà kan, ó kù díẹ̀ kó dé ìparí rẹ̀, ó já. Ìdákẹ́ bẹ́ sílẹ̀, ìró ẹsẹ̀ dàrú, nǹkan kan dún gbì. Lẹ́yìn náà, obìnrin mìíràn gba orin, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò sì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ọlọ́runṣògo ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, kò tilẹ̀ fà sẹ́yìn. "Ìjọ ńkọ́?" ló kígbe.

Agogo dún. "Ìjọ ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Ó dáa, ló sọ fún ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ mu omi ni. Ó lè jẹ́ pé ó yà sínú igbó díẹ̀, ṣé obìnrin ò ní yà ni? Ó wá àwáwí bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kò pé. Ó rìn dé òpó iná kan, ó rìn dé òmíràn, ó ń retí kí ohùn náà tún gòkè. Kò gòkè. Obìnrin tó gba orin náà sì pa á tì nígbà tó ṣe, ó wá ku ìró ẹsẹ̀ nìkan, ìyẹn náà sì ń fọ́n ká.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ rí ló lè mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni ojú rẹ̀ ti fi ń sáré lọ sínú díńgí kó tó mí èémí mẹ́ta: ta ló wà lẹ́yìn, báwo ló ṣe jìnnà sí mi, ṣé ó fẹ́ yà mí ni? Ní báyìí, igi kan wà lápá ọ̀tún orí rẹ̀, ògiri tí a kò lè fojú rí, tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, wà lápá òsì, títì gbọọrọ wà níwájú, ó sì ń lọ nínú rẹ̀ bí eku tó ti kó sínú àgọ́. Bó bá dúró, wọn yóò ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá yí padà, ẹ̀bẹ̀ ogójì èèyàn dàsán. Bó bá ń lọ, ó ń jìnnà sí ohun tó dún gbì yẹn ni. Kò sí èyí tó ṣe é ṣe, ó sì ń ṣe ọ̀kan nínú wọn ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀.

"Ọpẹ́yẹmí," ló pè, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. "Ìyá Ìmísí ńkọ́?"

Agogo kò dún. Wọ́n rìn tó ogún ẹsẹ̀ kí Ọpẹ́yẹmí tó sọ pé, "Ìjọ ń bọ̀ lẹ́yìn, sà."

"Èyí kọ́ ni mo bi ọ́."

"Mo mọ̀, sà. Ìjọ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ohùn obìnrin kan wọlé láti apá òsì. Olúwatóyìn ni, ìyàwó kan tó ti fi ọdún mọ́kànlá wojú Olúwa fún ọmọ, tó sì ti rin ìrìn yìí lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àti àná ló ti ń rìn mọ́ ibi tí àpò ẹ̀bẹ̀ rọ̀ sí bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. "Bàbá Aṣáájú," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́. Iwájú ni kí ẹ máa wò. Ó ti kù díẹ̀."

Ọlọ́runṣògo tún igi gbé lé èjìká, ó ń lọ.

Wọ́n bá ọkọ̀ àjàgbé kan tó ti kú sí ẹ̀gbẹ́ títì, tó kọjú sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti rí i lókèèrè kí wọ́n tó dé ibẹ̀, èrò burúkú kan sì ti wọ inú rẹ̀: ṣé wíwo díńgí jẹ́ bíbojú wẹ̀yìn? Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú yóò wà níwájú, ọrùn kò ní yí, bí ohun tó wà lẹ́yìn bá sì yọjú sínú díńgí fúnra rẹ̀, ta ló jẹ̀bi? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ẹ̀gbẹ́ títì díẹ̀díẹ̀ bí olè. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọwọ́ irin ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ti tú díńgí rẹ̀ lọ. Omi bọ́ lójú Ọlọ́runṣògo, ó sì dúpẹ́ pé òógùn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ti tó ìṣẹ́jú ogójì tí wọ́n ti kúrò lórí afárá nígbà tí Saifudeen dé. Dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, láti Ọ̀yọ́ ló sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Ó dẹ ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú, ó yọ orí jáde.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣògo! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wẹ̀yìn o! Ìyàwó yín..."

Ọpẹ́yẹmí fi agogo bo ohùn rẹ̀. Ó lù ú kíkankíkan, ó lù ú bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko, Olúwatóyìn náà sì bẹ̀rẹ̀ orin kíkígbe, torí àjèjì kò gbọdọ̀ bá ẹni tó gbé àgbélébùú sọ̀rọ̀. Saifudeen ń la ẹnu, ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn, kò sí ohun tó wọ etí mọ́. Ó mi orí. Ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà láàárín títì pẹ̀lú èrò tó ń pariwo nínú rẹ̀, ó sì sáré padà gba ọ̀nà tó ti wá.

Ẹ gbọ́ o, Ọlọ́runṣògo ti gbọ́ "ìyàwó yín". Agogo kò tètè dún tó. Ó gbọ́ ọ kedere, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó sì ń lọ. Ó tún rìn fún ogún ìṣẹ́jú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa béèrè ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀ ní àkókò náà, èsì rẹ̀ kò sì dùn: ẹ̀rù. Kì í ṣe ẹ̀rù Ọlọ́run. Ojú àwọn tó ń dúró ní Ọjà Igbó ló ń bà á lẹ́rù, àti ojú Tíṣà Babátúndé lẹ́yìn gíláàsì, àti ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa sọ pé ọdún tí dírẹ́bà gbé e ni ẹ̀bẹ̀ bàjẹ́. Ó ń gbàdúrà pé kí nǹkan kan ṣáà dá òun dúró, kí òun ṣubú, kí ejò gba iwájú kọjá, kí ó má ṣáà jẹ́ ọwọ́ òun ni yóò ti wá. Nǹkan kan kò dá a dúró. Títì ń tẹ́ kalẹ̀ fún un, ó mọ́ roro.

"Ìjọ ńkọ́?" ló kígbe.

"Ìjọ ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ìjọ ńkọ́?"

"Ìjọ ń bọ̀..." Ẹkún gba ìyókù lẹ́nu Ọpẹ́yẹmí.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ọlọ́runṣògo dúró. Ó gbìyànjú láti yí ọrùn, ọrùn kọ̀, ó ti gan bí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ara ló fi yí padà pẹ̀lú àgbélébùú lórí, díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ àjàgbé tó fẹ́ yí padà lójú ọ̀nà tóóró. Olúwatóyìn pariwo, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ojú rẹ̀ bí ẹni pé ó lè fi dí i. Ó ti pẹ́ jù.

Èèyàn mẹ́rin ni. Ọpẹ́yẹmí, Olúwatóyìn, àti àwọn arákùnrin méjì tí wọ́n di ara wọn mú kí wọ́n má bàa ṣubú. Lẹ́yìn wọn, títì ṣófo dé ibi tó ti yà.

"Àwọn yòókù dà?"

Ọpẹ́yẹmí ti dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. "Wọ́n kù sẹ́yìn, sà. Mọ́mì ṣubú ní orí afárá. Ẹ má bínú sà, òfin ni. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ìdáhùn kan náà ni."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ní ìpàdé."

Ọlọ́runṣògo gbé àgbélébùú kalẹ̀ sínú koríko. Olúwatóyìn ti kúnlẹ̀ ti àpò ẹ̀bẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ń sunkún pẹ̀lú ìkanra. "Ọdún mọ́kànlá, Bàbá," ló ń wí. "Ọdún mọ́kànlá! Ẹ ò lè dé ibẹ̀ ná?" Ọlọ́runṣògo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ẹsẹ̀ bíbó, sùtánà tó ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ń sáré padà sí Ọ̀yọ́ lójú títì, ẹ̀jẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ọ̀dà bó ṣe ń lọ.

Kò tíì sáré dé ibi tí títì ti yà tí ọkọ̀ Saifudeen fi yọ, tó ń tan iná ní ọ̀sán gangan. Ó ti já àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀. Dorcas ló wà ní àga ẹ̀yìn, Tíṣà Babátúndé ló gbé orí rẹ̀ lé itan. Ẹnu Dorcas ti wọ́ sápá kan díẹ̀, ojú rẹ̀ là, Ọlọ́runṣògo kò sì mọ̀ bóyá òun ló ń wò.

"Ẹ wọlé," Tíṣà wí. Ìyẹn nìkan. Ó sún, ó fún un ní orí ìyàwó rẹ̀ gbé.

Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ló sọ ìyókù, láìgbé ohùn sókè. Dorcas ṣubú, wọ́n gbé e sábẹ́ igi. Fóònù gbogbo wọn wà nínú ọkọ̀ ẹrù tó ti ṣáájú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí ọkọ̀ títí, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró fún èrò tó yọ láti inú igbó, ní ayé ajínigbé tí a wà yìí? Saifudeen náà ti sáré kọjá kó tó mọ̀ pé Dorcas ni, ló bá lọ pe ọkọ rẹ̀. Àwọn tó ṣì lágbára, òun Tíṣà ló ní kí wọ́n máa tẹ̀lé àgbélébùú lọ, kí ọkọ rẹ̀ má bàa dá rìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jókòó sí ojú ọ̀nà nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́. Ó ti ní kí àwọn tó wà lábẹ́ igi má kúrò níbẹ̀, òun yóò rán ọkọ̀ sí wọn. Ó mọ iye wọn. Ó mọ ẹni tí omi rẹ̀ ti tán. Ọlọ́runṣògo ń gbọ́, ó ń wo bí èyí ṣe ń wí láìfi ọ̀rọ̀ kankan gún un, ó sì ń dùn ún ju bó ṣe máa dùn ún bó bá bú u.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò rán ẹnì kan sí mi?" ló béèrè.

Tíṣà nu gíláàsì rẹ̀. "Òun ni kò gbà. Ó di aṣọ mi mú. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún yín."

Wọ́n kọjá lára àgbélébùú nínú koríko àti èèyàn mẹ́rin tó jókòó tì í. Wọ́n wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọjà Igbó, ìjọ ti tẹ́ ẹní funfun láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé eteetí títì, wọ́n ń jó, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé iwájú orí wo ọ̀nà Ọ̀yọ́. Saifudeen tẹ fèrè, wọ́n yà fún un. Ọlọ́runṣògo rí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé aṣáájú tí àwọn ń dúró dè ló wà nínú ọkọ̀ náà.

Dókítà ilé ìwòsàn ní ẹ̀jẹ̀ ló ru gun orí, pé bí wọ́n bá ti fi wákàtí kan ṣáájú gbé e wá, ọwọ́ ọ̀tún ì bá má rọ tó bẹ́ẹ̀. Yóò yè. Ọwọ́ náà, ó di kí wọ́n máa wò ó. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó sì lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Ọlọ́runṣògo dúró síbi tó ti fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló gbọ́ nínú gbogbo ohun tí dókítà wí: wákàtí kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Àpọ́sítélì, olórí ìjọ, wá. Ó gbàdúrà lórí Dorcas tó ń sùn, ó sì fa Ọlọ́runṣògo lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìjọ ń kùn," Bàbá wí. "Olúwatóyìn yẹn kò jẹun láti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n nǹkan tó bàjẹ́ ṣe é tún ṣe. Lọ́la, wàá dìde, wàá sọ fún wọn pé o kò mọ nǹkan kan. Pé ò ń lọ ní tìrẹ, kí o tó mọ̀, ọwọ́ kan yí ọ padà. Bó bá jẹ́ Ẹ̀mí ló yí ọ padà, ìyẹn kì í ṣe bíbojú wẹ̀yìn. Ẹ̀bẹ̀ dúró, ìwọ náà dúró. Àbí o mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ni?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rò ó," Ọlọ́runṣògo wí.

"Kí lo fẹ́ rò? Ìbéèrè mi kò le."

Nígbà tó padà wọlé, ojú Dorcas ti là. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà, ó ń yọ, ṣùgbọ́n ó yéni. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí.

Ọlọ́runṣògo jókòó, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì dára mú. "Èmi lò ń kí ní pẹ̀lẹ́?"

"Mo ní kí wọ́n má sọ fún yín. Ẹ má bínú sí Tíṣà. Mo mọ̀ yín. Mo mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá gbọ́ fìrí pé nǹkan ṣe mí, ẹ ó ju igi yẹn nù, ẹ ó padà, ojú á sì tì yín láàárín wọn. Nígbà tí mo wà lábẹ́ igi, tí wọn ò rí ọkọ̀, ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Bàbá Ìmísí kò mọ̀ ni. Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá ti dé. Òun ni mo dì mú." Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú apá ẹnu kan. "Ìgbà wo lẹ wá mọ̀?"

Irọ́ náà wà nílẹ̀, Bàbá Àpọ́sítélì ti bá a rán an, ó ti lọ̀ ọ́, ó kù kó gbé e wọ̀ ni. Bó bá gbé e wọ̀, obìnrin yìí yóò fi ọkàn balẹ̀ sùn, Olúwatóyìn yóò jẹun, òun náà yóò sì dìde lọ́la níwájú ìjọ méjèèjì. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún Dorcas tó tẹ́ sílẹ̀ lórí aṣọ, tí kò mira.

"Láti orí afárá," ló wí. "Mo gbọ́ nígbà tí ohùn rẹ já. Mo gbọ́ ohun tó dún. Saifudeen náà tún wá, mo gbọ́ ọ tó dárúkọ ìyàwó mi. Mo ń lọ ni."

"Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Wákàtí kan," Ọlọ́runṣògo wí.

Ó rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó kàn fa ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀, ó sì fi í gbé ti ọ̀tún sórí àyà ara rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ sùn.

"Wákàtí kan," ló wí. "Ọlọ́runṣògo."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìmísí, ọdún mẹ́rìnlélógún rèé, kò pe orúkọ yẹn sí i létí rí. Dorcas yí ojú sí ògiri, ọkùnrin náà sì jókòó síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá òun ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró, kò sì lè dìde lọ.